Méje Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ẹ má pè mí ní dókítà. Bí ẹ bá pè mí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wa, mi ò ní dáhùn, ẹ óò sì rò pé ìgbéraga ni. Mi ò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí láyé mi. Iṣẹ́ tèmi ni ìṣirò. Bí obìnrin kan bá ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí àwọn dókítà sì sọ pé iná ni àwọn máa fi wò ó, èmi ni mo máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mo máa ṣírò iye iná tó máa dé ibi tí àrùn wà, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lára ìfun àti àpò ìtọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Iná ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe iná tó ń jó, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó bá bá lọ́nà ló ń pa, kì í bi í bóyá ohun tó dáa ni tàbí ohun tí kò dáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò irú wa.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo le, ẹ bi wọ́n léèrè. Mo máa ń jágbe mọ́ ènìyàn, ọ̀rọ̀ sì máa ń já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fi orúkọ pè mí rí láti kékeré. Ata ló ń pè mí. Òun ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi rán mi lọ sílé ìwé, ẹ̀rọ kan náà ló fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tí ọkọ rẹ̀ náà kú. Nítorí náà, bí mo bá ti dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má retí kí n máa sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iná yẹn ná, torí bí ò bá yé yín, ẹ ò ní mọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀nà méjì la ń gbà fún wọn. Ti àkọ́kọ́, láti òde ni. Obìnrin náà á máa wá dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, iná á sì kárí gbogbo ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ti ìkejì, láti inú ni. Wọ́n á gbé e wọ tíátà, wọ́n á fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n á ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ara wọ inú ilé ọmọ, wọ́n á sì fi aṣọ dí i kó má baà yẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ yàwòrán. Èmi á ṣírò lórí àwòrán náà. Lẹ́yìn ìyẹn la óò so irin yẹn mọ́ ẹ̀rọ kan tó máa ti hóró iná kan, tí kò tó hóró ìrẹsì, gba inú rẹ̀ kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ń ṣe é. Ìtòsí hóró yẹn ni agbára rẹ̀ wà. Bí ènìyàn bá fi lè sún sẹ́yìn níwọ̀n ìka mẹ́rin, ó ti rọ.

Àwọn kókó wá ń bẹ. Gbogbo wa la ní wọn lára, irú èyí tó máa ń wú sí abẹ́ ìtan bí ènìyàn bá ní egbò lẹ́sẹ̀. Àwọn kan wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìbàdí, lọ́tùn-ún àti lósì, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Bó bá ti wọ kókó kan, à ń fẹ́ kí ìwọ̀n iná tó máa dé kókó náà pé ọgọ́ta. Iná òde á gbé e dé mẹ́tàléláàádọ́ta. Méje tó kù, iná inú la gbójú lé, torí bó ti wù kó rọ tó, díẹ̀díẹ̀ máa ń ta sí kókó náà lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a bá ṣe é.

Lórí méje yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń fa ìlà yí kókó kọ̀ọ̀kan ká lórí àwòrán obìnrin kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ iye tó dé ibẹ̀ gan-an. Wákàtí kan àbọ̀ ni, nígbà mìíràn wákàtí méjì. Obìnrin yẹn ńkọ́? Ó wà ní yàrá kejì, ó na gbalaja, irin wà nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yí ẹ̀gbẹ́, kò gbọ́dọ̀ ká ẹsẹ̀ kò, oògùn ti ń kúrò lára rẹ̀. Ògiri tó wà láàárín wa kò nípọn, mò ń gbọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, màmá àgbàlagbà kan sunkún títí tó fi dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì bà mí lẹ́rù ju ẹkún náà lọ. Lẹ́yìn tí mo parí tirẹ̀, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, mo kó ìṣirò ọgbọ̀n obìnrin tí a ti tọ́jú jọ, mo wo iye tó dé kókó wọn. Ẹlòmíràn mẹ́fà, ẹlòmíràn mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn méje. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà pé KÓKÓ: MÉJE, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fa ìlà yí kókó ká mọ́ lọ́fíìsì wa. Ẹ kọ méje, ẹ jẹ́ ká tètè yọ irin lára obìnrin olóbìnrin. Kò tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì tí wọ́n fi ń dúró mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì gbàdúrà fún mi. Mo rò pé àánú ni mo ṣe, àánú náà sì ni.

Ọkùnrin kan ni a jọ ń ṣiṣẹ́ ìṣirò. Fàrabalẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, torí kò sí ohun tó fẹ́ ṣe tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé kí ẹ fara balẹ̀, títí kan kó tó bu omi mu. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ni, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí mo lẹ bébà yẹn, ó wá bá mi, ó ní bóyá kí òun máa fa ìlà fún àwọn tí kókó wọn bá tóbi, pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ilé ọmọ rẹ̀ dúró sí àárín gbùngbùn. Inú bí mi. Mo bi í bóyá òun ló máa bá wọn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú irin lára. Mo sọ ọ́ sókè ketekete níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Fàrabalẹ̀ ní kí n má bínú. Kò mẹ́nu kàn án mọ́ láé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá lára ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi pa mọ́ fún mi fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó wá sọ, ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ó ní òun ti ń padà di ọmọge, pé kí n bá òun wá ọkọ kíá kó tó tún lọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wọ́ ọ lọ bá Dókítà Àgbà, obìnrin jẹ́jẹ́ tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wa. Àyẹ̀wò jáde, jẹjẹrẹ ni. Kókó kan lápá òsì náà ti ní in, ó tó orí àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n Dókítà Àgbà ní kò tíì jìnnà, pé bí ẹnu ilé ọmọ bá mọ́, tí iná sì dé kókó yẹn dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi á dàgbà dàgbà. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Gbogbo ohun tí mò ń fẹ́ láyé lọ́dún náà kò ju kí kókó kan kú.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé a kì í ṣírò fún ẹbí ara ẹni, torí ọwọ́ máa ń gbọ̀n. Mo gbé fáìlì rẹ̀ fún Fàrabalẹ̀. Mo ní kó ṣe é bí a ṣe ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí mo tún bẹ̀ ẹ́ ni pé kó má jẹ́ kí irin pẹ́ lára ẹ̀gbọ́n mi.

Irin kò sì pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo jókòó tì í, tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí Fàrabalẹ̀ ń ṣírò nídìí kọ̀ǹpútà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ti fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, pé àwọn aṣọ náà ló wá rán irin yìí sí òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìrora mú un, kò ṣàwàdà, ńṣe ló ń rún mi lọ́wọ́ bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n. Orí mi wú. Mo sọ fún un pé bí kì í bá ṣe àtúnṣe tí èmi ṣe sí iṣẹ́ níbẹ̀ ni, wákàtí méjì ni ì bá fi wà bẹ́ẹ̀. Ó ní mo ṣeun, pé ilé ìwé tí òun rán mi lọ kò já sásán.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, a tún àwòrán yà. Dókítà Àgbà gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní kí a wá wò ó, ẹnu ilé ọmọ ti mọ́ tónítóní. Ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí sí apá òsì, ẹ̀rín náà sì kú. Kókó yẹn wà níbẹ̀. Kò tilẹ̀ wà níbẹ̀ lásán, ó ti tó ẹyin adìyẹ, ó sì ti ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti rí i pé bàtà òsì ti ń fún òun, òun rò pé òjò ló bà á jẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo ṣí fáìlì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ òfin lásìkò yẹn, ì bá gbọ́ tẹnu mi. Mo gbé àwòrán ìgbà àkọ́kọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Irin yẹn kò dúró sáàárín. Ó tẹ̀ pátápátá sí apá ọ̀tún, ó kẹ̀yìn sí kókó yẹn bí ẹni tó ń bá a yan odì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ nígbà tó bí ọmọ rẹ̀, ojú ọgbẹ́ yẹn ló ti fa ilé ọmọ sí apá kan láti ọdún yìí wá. Ibi tí ilé ọmọ bá sì yà sí ni irin máa yà sí. Mo gbé ìgbà kejì wá, bákan náà. Ìkẹta. Ìkẹrin.

Mo wá ṣe ohun tí mi ò ṣe láti ọdún mẹ́rin. Mo fa ìlà yí kókó yẹn ká, lórí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà sọ iye iná tó dé ibẹ̀ fún mi. Ó ní méjì. Mo rò pé mo ṣi ìlà fà. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un fà. Méjì. Iye tí Fàrabalẹ̀ kọ sínú fáìlì ni méje, ó sì fi mẹ́tàléláàádọ́ta kún un, ó fà á nílà lábẹ́ pé ó pé ọgọ́ta. Mo jókòó síbẹ̀.

Fàrabalẹ̀ wọlé bá mi bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, kò sì sọ pé kí n fara balẹ̀.

“Ṣé o rí i pé irin yìí tẹ̀?”

“Mo rí i, mà.”

“O rí i, o wá kọ méje.”

Ó gbé ojú sókè sí bébà tó wà lára ògiri. “Nọ́ńbà yín ni, mà.”

Kò fi bú mi. Bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ló ṣe dáhùn. Mo wá ohun tí mo máa jágbe mọ́ ọn lé lórí, mi ò rí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kí ló dé tí kò ta kò mí? Ó ti ta kò mí rí, mo sì fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Mo dìde, mo ya bébà yẹn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gan, ìdajì rẹ̀ kò ṣí.

Mo lọ bá Dókítà Àgbà, mo sì rò ó fún un, mi ò bu ọ̀kan mọ́ ọn, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í bóyá a lè fi márùn-ún tó kù kún un nísinsìnyí. Èmi náà mọ èsì rẹ̀ kí n tó béèrè. Ìfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti gba gbogbo iná tó lè gbà láyé rẹ̀, bí a bá tún fi kún un, ìfun á lu. Oògùn tí wọ́n ń fà síni lára ló kù, ìyẹn náà kò lè ju kó fa ọwọ́ àrùn sẹ́yìn fún oṣù mélòó kan. Dókítà wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò lè búra pé méje yẹn, ká ní ó pé, ì bá pa kókó náà. Ó rò pé òun ń tù mí nínú. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè búra. Ohun tó ń pa mí gan-an nìyẹn, pé mi ò ní mọ̀ títí n ó fi kú. Ó ní òun ló yẹ kó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní rárá, ẹnu tèmi ló ti máa gbọ́ ọ.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Yàrá kan péré ni, ẹ̀rọ méjì, dígí kan tó ga, àwọn aṣọ tó ti gé wà ní ìdì ní ìdì lórí pẹpẹ, orúkọ oníkálukú wà lára tirẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí, ó ń fi ọ̀tún nìkan tẹ ẹ̀rọ. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe dé orí méje, mo sọ ti ilé ọmọ tó yà sọ́tùn-ún, mo sọ ti méjì. Kò dá mi lẹ́nu kò. Nígbà tí mo parí, ó gé òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́.

“Ẹ ò wọ̀n mí,” ló sọ.

“A wọ̀n yín níbòmíràn. Ibi kókó yẹn nìkan la ò wọ̀n.”

“Ara ta ni ẹ ti wá mú méje?”

“Ara àwọn obìnrin mìíràn.”

Ó yí ojú sí pẹpẹ. Ó wá ń sọ fún mi, ohùn rẹ̀ kò le, bí ìgbà tó ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, pé ìyàwó olùkọ́ kan wà tó ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ òun láti ogún ọdún, pé bó bá wá lóṣù yìí, tó tún wá lóṣù tó ń bọ̀, òun á tún un wọ̀n, torí ara kì í dúró síbì kan. Aṣọ lásán nìyẹn o, èyí tí wọ́n lè tú. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kó bú mi, kó gbá mi létí bó ti máa ń gbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kó ṣáà ṣe nǹkan kan fún mi.

“Èébú ò lè wọ inú kókó, Ata. Nu ojú rẹ.” Ó fa òwú tuntun jáde. “Àwa mélòó ni?”

Mo ní igba ó lé mẹ́rìnlá, láti ọjọ́ tí mo ti lẹ bébà yẹn.

“Lọ wọ̀n wọ́n. Bó o bá rí ẹni tí tirẹ̀ rí bíi tèmi, pè é kó tètè wá.” Ó fẹ́ ti òwú náà bọ ojú abẹ́rẹ́, kò wọlé lẹ́ẹ̀kan. “Má sọ fún ọmọ mi. Ìwọ nìkan ló máa kù fún un lẹ́yìn mi. Bó bá mọ̀, kò ní rí ẹni kankan.”

Mo ní mo gbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń dé ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ń fi àkókò oúnjẹ ṣe é, mo ń fi ọjọ́ ìsinmi ṣe é. Fàrabalẹ̀ kò dúró kí n pè é. Ó gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú àwọn tí fáìlì wọn gùn jù. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn náà la ti padà sí fífa ìlà yí kókó gbogbo obìnrin tó ń wọlé ká, Dókítà Àgbà sì ní kí wọ́n máa fún wọn ní oògùn ìrora tó máa gbé wọn títí di ìgbà tí a bá parí. Oògùn yẹn wà nílé láti ọjọ́ yìí wá. Kò sẹ́ni tó ronú kàn án, èmi náà ò ronú kàn án, bébà ni mo rí lẹ̀.

Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́, kì í kí mi tán kó tó béèrè pé mélòó ló kù. Mo máa ń sọ fún un. Mo tún máa ń sọ iye àwọn tí irin wọn yà kúrò lọ́dọ̀ kókó, ó sì máa ń fẹ́ mọ ọjọ́ orí wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì ti wú dé ìtan, tí kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó ṣì ń béèrè. Àwọn tí a pè lórí fóònù, ọmọ wọn ló gbé e nígbà mìíràn, wọ́n á ní màmá àwọn ti ṣaláìsí láti ọdún tó kọjá, wọ́n á wá bi mí pé kí ló dé tí mo ń béèrè. Irú àwọn yẹn, mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó lo oṣù márùn-ún. Ìrora rẹ̀ lóṣù tó kẹ́yìn, mi ò ní ròyìn rẹ̀ fún yín. Èmi àti ọmọ rẹ̀ la jọ ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ yẹn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń pè mí ní Àǹtí mi láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi kú, nígbà tí mo ti wọ̀n obìnrin mọ́kànléláàádóje. Mo ti rí mọ́kànlá tí tiwọn rí bíi tirẹ̀. Márùn-ún péré ló ṣì wà láyé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a sin ín, ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn wa láàárọ̀ láti dúpẹ́. Èmi kò rán an. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Àgbà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá dé ọ́fíìsì wa. Ó kí mi, ó sì yà sọ́dọ̀ Fàrabalẹ̀. Ó ní màmá òun sọ fún òun pé Fàrabalẹ̀ ló ṣírò iná wọn, ó gbàdúrà pé kò ní fi ọmọ tirẹ̀ sun ẹkún, pé wàhálà tó ṣe lórí wọn kò ní já sófo.

Fàrabalẹ̀ dìde dúró. Ìbọwọ́lùwé tirẹ̀ ló wà nínú fáìlì yẹn, orúkọ tirẹ̀ ló wà níbi tí wọ́n ti fa ìlà sábẹ́ ọgọ́ta. Ó wo ibi tí àjákù bébà ṣì wà lára ògiri, ó wò mí. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò sọ̀rọ̀. Mo ń rántí ìlérí tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń bẹ̀rù, méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ra wọn, mi ò mọ èwo ló di ẹnu mi.

“Fara balẹ̀, ọmọ mi,” ni Fàrabalẹ̀ wí. “Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún yín. Nígbà tí mo ṣírò ti màmá yín, èmi ni mo…”

“Kì í ṣe òun,” ni mo sọ. “Èmi ni.”

Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró. Mi ò sunkún bí mo ṣe sunkún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ojú tì mí láti sun ún. Mo sọ ti méje, mo sọ ti méjì, mo sọ pé Fàrabalẹ̀ kìlọ̀ fún mi, mo sì fi í rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ kí n tó parí. Mo ti rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á gùn.

Ọmọ náà di báàgì rẹ̀ mú níwájú.

“Ṣé màmá mi mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ.”

“Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi wá sọ́dọ̀ yín,” ló wí. “Wọ́n ní ẹ̀yin ni ìyá tó kù fún mi. Mo ní kí n wá sọ fún yín lónìí pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.”

Mo ti gbá yàrá kejì nílé mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì, mo ti gbé tábìlì ìkàwé sẹ́bàá fèrèsé. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ fún un.

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó sọ fún Fàrabalẹ̀ pé ẹ ṣeun, ó ní ó dàbọ̀, sà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó sì rọra tì í lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò kí mi.